Wọ́n ní ìtàn ni mò ń tún sọ: ẹ gbà mí lórí ìwé Bless Me, Ultima

Adùnní_Ọ̀jọ̀ọ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọdún kẹrin ni mo wà ní ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ àṣekágbá mi dá lórí bí àwọn ìwé ìtàn àròsọ Amẹ́ríkà ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa àṣà àti bí ọmọdé ṣe ń di àgbà. Bless Me, Ultima tí Rudolfo Anaya kọ ní 1972 ni mo mú. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ẹkún sì gbọ̀n mí nígbà tí òwìwí inú rẹ̀ kú. Mo kọ ojú ìwé méjìdínlógún, mo fi ránṣẹ́ sí sùpáfáísọ̀ mi. Ọ̀gá fi bírò pupa fa ìlà gbọọrọ láti ojú ìwé kejì dé ìkẹẹ̀ẹ́dógún, wọ́n kọ ọ́ sí etí ìwé pé ìtàn ni mò ń tún sọ, n ò ṣàlàyé nǹkan kan. Ibi tí mo ti kọ ọ́ pé "àṣà ṣe pàtàkì nínú ìdàgbàsókè Antonio," wọ́n kọ "nítorí kí ni?" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti jókòó ti ìbéèrè yẹn.

Fún ẹni tí kò bá tíì kà á: ọmọ tó kù díẹ̀ kó pé ọdún méje ni Antonio Márez, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Guadalupe ní New Mexico, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń parí lọ. Ìdílé bàbá rẹ̀, àwọn Márez, darandaran orí ẹṣin ni wọ́n, ìdí wọn kì í gbé ibì kan. Ìdílé ìyá rẹ̀, àwọn Luna, àgbẹ̀ ni wọ́n. Ìyá fẹ́ kó di àlùfáà ìjọ Àgùdà. Ultima, ìyá arúgbó tó mọ ewé tó mọ egbò, tí òwìwí kan ń tẹ̀ lé, tí àwọn kan sì ń pè ní àjẹ́, wá ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń kọ irú rẹ̀? Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù.

Ṣàngbà_Fọ́

Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù, o sì ti jókòó ti ìbéèrè kan láti ọjọ́ Àìkú. Ọlọ́run á ṣe é. Èmi ò ka ìwé náà o, àmọ́ ìyá arúgbó tí òwìwí ń tẹ̀ lé kiri, tí wọ́n ní kì í ṣe àjẹ́, mo fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ yẹn délẹ̀.

Tísà_Fẹ̀yìntì

Adùnní, má bínú sí ọ̀gá rẹ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ni ní lítíréṣọ̀, gbogbo ọdún ni mo sì ń kọ "nítorí kí ni?" sí etí ìwé ọmọ ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ náà "àṣà" ló ń dà ọ́ láàmú. Ó tóbi jù, kò ṣeé dì mú. Nínú ìwé ìtàn, àṣà kì í dá rìn, nǹkan kan ló máa ń gbé e kiri: oúnjẹ, orúkọ, ẹ̀gbà ọwọ́, ewé tí wọ́n já. Wá nǹkan kan ṣoṣo, kí o máa tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ibikíbi tó bá ti yọjú, kọ ojú ìwé náà sílẹ̀, kí o bi ara rẹ pé: ọwọ́ ta ló wà? Ta ló fẹ́ gbà á? Kí ni ọmọ náà mọ̀ nípa rẹ̀ báyìí tí kò mọ̀ lẹ́ẹ̀kan?

Jẹ́ ká dán an wò. Ní orí kìíní, Antonio lá àlá ọjọ́ tí wọ́n bí i. Àwọn Luna kó irè oko wá, wọ́n fi erùpẹ̀ dúdú ilẹ̀ wọn ra ọmọ náà níwájú orí. Àwọn Márez gun ẹṣin dé, wọ́n fọ́ irè oko yángá, wọ́n ní orí ẹṣin ni ọmọ yìí máa gbé. Ìjà wá dé orí ibi ọmọ. Àwọn Luna ní inú oko àwọn làwọn máa rì í mọ́. Àwọn Márez ní àwọn máa sun ún, kí afẹ́fẹ́ gbé eérú rẹ̀ káàkiri pápá. Ìbọn ti jáde kí ìyá arúgbó tó gbẹ̀bí, Ultima yìí náà, tó dá wọn lẹ́kun. Ó ní òun lòun fa ọmọ náà wá sáyé, òun lòun máa sin ibi àti ìwọ́ rẹ̀, òun nìkan ló sì máa mọ àyànmọ́ rẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ rì í mọ́lẹ̀ ń sọ fún ọmọ pé "dúró." Ẹni tó fẹ́ sun ún ń sọ pé "máa lọ." Ọmọ ò tíì mọ ọmú, wọ́n ti ń fi ibi rẹ̀ fà á ya sí méjì. "Nítorí kí ni?" tí ọ̀gá rẹ kọ ti gba èsì níbẹ̀. Àṣà méjì ló ń du ọmọ yìí kó tó lẹ́nu ọ̀rọ̀, gbogbo ìyókù ìwé náà ló sì fi ń wá bí òun ṣe lè jẹ́ ọmọ àwọn méjèèjì. Sún mọ́ òpin, níbi tí òun àti bàbá rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀, ó béèrè bóyá èèyàn lè mú pápá àti àfonífojì, Ọlọ́run àti ẹja wúrà inú odò tí àwọn kan kà sí òrìṣà, kó fi wọ́n ṣe nǹkan tuntun. Má fo ojú ìwé yẹn.

ÌyáÌbejì_Bódìjà

Ibi ọmọ kẹ̀! Ṣé New Mexico la wà ni àbí Ìgbómìnà? Ẹ̀yìn ilé bàbá mi ni wọ́n sin tèmi sí, wọ́n gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ lé e. Nígbà tí mo bí àwọn ìbejì nílé ìwòsàn, ìyá mi fi ike gba ti àwọn méjèèjì lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n gbé e lé itan nínú ọkọ̀ títí a fi délé. Ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n ní nǹkan kan.

Adùnní, adáhunṣe wa náà ni Ìyá Ultima yìí. Òwìwí yẹn, ẹyẹ ni, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lálẹ́ yìí. Fi Yorùbá kún un dáadáa, inú ọ̀gá rẹ á dùn.

Àkàngbé_Albuquerque

Ẹ̀gbọ́n mi ÌyáÌbejì, ẹ jẹ́ kí n takò yín díẹ̀ o, ẹ má bínú. Ọdún kẹsàn-án mi rèé ní New Mexico. Santa Rosa, ìlú tí Anaya ti dàgbà, kò tó wákàtí méjì sí ọ̀dọ̀ mi. Mo ti ka ìwé náà kí n tó dé ibí, mo tún un kà lẹ́yìn tí mo dé, àfi bí ẹni pé ìwé méjì ni.

Bí Adùnní bá kọ ọ́ pé "Ultima dà bí babaláwo wa," bírò pupa á tún jáde. Àwọn èèyàn inú ìwé yìí, ìran àwọn ará Spain tó dà pọ̀ mọ́ àwọn onílẹ̀ ni wọ́n. Ilẹ̀ wọn wà lábẹ́ Mexico títí di 1848 tí Amẹ́ríkà fi ogun gbà á, 1912 ni New Mexico sì ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìpínlẹ̀. Curandera ni wọ́n ń pe irú Ultima níbẹ̀. Àgùdà sì ni: ó ń bá wọn lọ sí ìsìn, ó ń bá wọn gbàdúrà ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà, kì í ṣe ìjà onígbàgbọ́ àti abọ̀rìṣà bí a ṣe máa ń tò ó nínú fíìmù wa. Nínú ilé kan náà ni méjèèjì ń sùn tí wọ́n ń jí.

Ti òwìwí: ní ilẹ̀ yìí náà, wọ́n gbà pé àjẹ́ máa ń gbé àwọ̀ òwìwí wọ̀. Anaya mọ̀ pé àyà òǹkàwé á já. Ó wá jẹ́ kó jẹ́ pé ohùn òwìwí Ultima ló ń rẹ Antonio lẹ́kún títí tó fi sùn lọ. Ohun tí gbogbo ìlú ń sá fún ni ọmọ kan fi ń sùn. Ó yẹ kí Adùnní lo èyí, ó sì sàn ju ká kàn sọ pé ẹyẹ ni.

Ẹ̀yin ará ilé, ibi tí Yorùbá ti wúlò ni ibi tí ojú wa ti rí ohun tí ẹlòmíràn á fò kọjá. Lọ́jọ́ tí Ultima dé, wọ́n ní kí àwọn ọmọ wá kí i. "La Grande" ni àwọn òbí ń pè é, bí ìgbà tí a bá ní Ìyá Àgbà. Antonio yanu, ó pe "Ultima" ní gbangba. Ìyá rẹ̀ mí hẹ̀ẹ̀, ó jágbe mọ́ ọn. Ultima ní kó fi ọmọ náà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn á kà á kọjá bí ẹni ka nọ́ńbà ọkọ̀. Èmi tí wọ́n fi etí mi jó gbígbóná ní kékeré nítorí pé mo pe ọ̀rẹ́ bàbá mi lórúkọ, mo dúró síbẹ̀ pẹ́. Àgbà ló fúnra rẹ̀ gba ọmọdé láyè láti pe òun lórúkọ. Kí ló rí lára ọmọ náà? Kọ ojú ìwé méjì lórí ìyẹn nìkan.

Ohun kan tún wà. Nígbà tí àwọn méjèèjì lọ já ewé, Ultima ní kí Antonio kọ́kọ́ bá ewé náà sọ̀rọ̀, kó sọ fún un ìdí tí àwọn fi fẹ́ fà á tu nílé rẹ̀ nínú ilẹ̀. Ẹ̀yin tí bàbá yín já ewé rí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

ÌyáÌbejì_Bódìjà

Mo gbọ́, àbúrò. Mo fa ọ̀rọ̀ adáhunṣe padà. Ti ẹyẹ ni n ò tíì fà padà.

Ọmọ_Ìséyìn

Ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Kí ló dé tí ọmọ Yorùbá á fi lọ máa wá àṣà nínú ìwé Amẹ́ríkà? Àṣà wo ni wọ́n ní? Ọmọ wọn pé méjìdínlógún, ó kó ẹrù jáde nílé, ó tán.

Àbẹ̀kẹ́_Brooklyn

Ọmọ Ìséyìn, ìwé kan lo ń sọ yẹn, o ò kàn mọ̀ ni. Huckleberry Finn tí Mark Twain gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1885: ọmọkùnrin tó sá nílé, tó wọ igi léfòó lójú odò, tó sì ní níparí pé òun ń sá lọ sí ilẹ̀ ìwọ̀ oòrùn kí wọ́n má bàa sọ òun di ọ̀làjú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé bí ọmọ Amẹ́ríkà ṣe ń dàgbà nìyẹn, kó máa lọ. Àmọ́ àwọn tí wọ́n fi ọkọ̀ ẹrú kó wá, àwọn tó ṣí wá, àwọn tí ilẹ̀ jẹ́ tiwọn kí Amẹ́ríkà tó dé, báwo ni wọ́n ṣe máa kọ irú ìtàn yẹn? Wọ́n ti gba ilé lọ́wọ́ wọn. Ọmọ tiwọn ò rílé sá kúrò, ó ní láti kọ́kọ́ wá a rí.

Ẹ jẹ́ kí n mú ibi tí mò ń gbé. Brown Girl, Brownstones tí Paule Marshall kọ ní 1959, ọmọ àwọn ará Barbados tó wá sí Brooklyn ni Selina Boyce. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i ni ẹ̀gbà fàdákà méjì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún ọmọbìnrin wọn. Ìyá rẹ̀, Silla, owó ilé ló ń lé lọ́sàn-án lóru. Bàbá rẹ̀, Deighton, ilẹ̀ tó jogún nílé ló ń lá lálàá. Silla yí lẹ́tà, ó ta ilẹ̀ náà mọ́ ọn lẹ́yìn. (Bí ẹ bá kà á, àyà á já yín. Mo mọ irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀ ní ìjọ wa, orí ilẹ̀ Ṣàgámù ni tiwọn.) Nígbà tí Selina fẹ́ lọ, ó bọ́ ẹ̀gbà kan, ó jù ú sáàárín àwókù àwọn ilé àdúgbò náà. Ìkejì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tísà ti sọ ọ́: tọ ipasẹ̀ nǹkan. Bó bá ju méjèèjì nù, Huck náà nìyẹn. Bí kò bá ju ìkankan, ọmọ ìyá rẹ̀ ló jẹ́ títí láé.

Brooklyn náà ni The Chosen ti Chaim Potok wà, 1967. Danny ni àkọ́bí ọkùnrin olórí ìjọ Júù kan, òun ló sì yẹ kó jókòó sípò bàbá rẹ̀. Bàbá náà kì í bá a sọ̀rọ̀ rárá, àfi bí wọ́n bá ń ka ìwé mímọ́ wọn. Ó ní ìdákẹ́jẹ́ ló máa kọ́ ọ láti mọ ìrora ẹlòmíràn. Danny fẹ́ di onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá. Níkẹyìn bàbá yọ̀ǹda rẹ̀, Danny gé irun ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀, ó lọ. Wàyí o, bàbá ọ̀rẹ́ rẹ̀ bi í bóyá yóò fi ìdákẹ́jẹ́ tọ́ ọmọ tirẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, bí òun ò bá rí ọ̀nà mìíràn. Ó bọ́ aṣọ, ó kọ oyè, síbẹ̀ ohun tó ta á lára jù nínú ilé ló ní òun lè gbé fún ọmọ. N ò fẹ́ràn ìdáhùn yẹn, ó sì ti pé ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń rò ó.

Adùnní, má mú ju ìwé méjì lọ. Bí o bá mú márùn-ún, ìtàn márùn-ún lo máa tún sọ.

Ọmọ_Ìséyìn

Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Ti lẹ́tà tí wọ́n yí yẹn, ibo ni mo ti lè rí ìwé náà?

Tísà_Fẹ̀yìntì

Àbẹ̀kẹ́ ti ṣe é gan-an. Bí mo bá ní kí Adùnní fi ìwé kejì kún un, Song of Solomon ti Toni Morrison, 1977, ni. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ á ní ọmọ ọdún méje ni Antonio, Milkman sì ti lé lọ́gbọ̀n. Ìdí tí mo fi mú un gan-an nìyẹn. Ọkùnrin náà ò tíì bàlágà rárá, nítorí kò mọ orúkọ àwọn tó bí i.

Ẹ wo bí orúkọ ìdílé wọn ṣe dé. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, bàbá bàbá rẹ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ti gba òmìnira. Sójà tó ń kọ̀wé ti mutí yó. Ó bi í níbi tí wọ́n bí i sí, ó ní Macon. Ó bi í ní bàbá rẹ̀, ó ní ó ti kú. Sójà kọ ọ́ sí ibi tí kò yẹ, ó wá di Macon Dead, Macon Òkú. Ìdílé kan ń jẹ́ Òkú nítorí ọtí ẹlòmíràn. Àwa tí a máa ń wo ilé ká tó sọmọ lórúkọ, ẹ rò ó wò.

Pilate, àbúrò bàbá Milkman, ya ibi tí bàbá rẹ̀ ti kọ orúkọ rẹ̀, ó ká bébà náà sínú àpótí idẹ kékeré tí ìyá rẹ̀ fi ń gbé áṣáà, ó fi ṣe yẹtí. Etí kan ló fi gbé orúkọ ara rẹ̀ kiri títí dọjọ́ ikú. Nǹkan tó ṣeé tọ ipasẹ̀ rẹ̀ rèé, bí o bá ń wá a.

Ibi tó wọ̀ mí lára jù ni Shalimar, ní Virginia. Wúrà ni Milkman bá lọ síbẹ̀. Ó jókòó, àwọn ọmọdé ń ṣeré òṣùpá lọ́sàn-án, wọ́n ń yípo, wọ́n ń kọ orin. Ó gbọ́ orúkọ kan nínú orin náà, ó tún gbọ́ òmíràn, ó wá yé e pé ìdílé òun ni wọ́n ń kọ lórin: Solomon tó fò padà sí Áfíríkà, tó fi ìyàwó àti ọmọ mọ́kànlélógún sílẹ̀. Ó fa ìwé tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú yọ kó lè kọ ọ́ sílẹ̀. Kò ní bírò. Ó di dandan kó tẹ́tí, kó kọ́ ọ sórí.

Mo ti ka ìwé yìí fún àwọn ọmọ kíláàsì mi bí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, mo máa ń dúró níbẹ̀ ni. Oríkì orílẹ̀ ni àwọn ọmọ yẹn ń ké láìmọ̀. Bí bírò bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kì bá tí mọ̀ ọ́n.

Ọ̀dọ́_Maryland

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ṣé kò sí èyí tí ọmọ tiwa kọ ni? Tope Folarin kọ A Particular Kind of Black Man ní 2019, ọmọ Nàìjíríà tó dàgbà sí Utah ni Tunde inú rẹ̀. Ní kékeré, obìnrin aláwọ̀ funfun àgbàlagbà kan máa ń bá a rìn lọ sí iléèwé, ó máa ń rọra sọ fún un pé bó bá ṣe dáadáa, ó lè wá máa sin òun ní ọ̀run. Ọmọ náà délé, inú rẹ̀ ń dùn. Mo ti ìwé náà pa nígbà tí mo débẹ̀.

Children of Blood and Bone ti Tomi Adeyemi náà wà, 2018. Àwọn àbúrò mi fẹ́ràn rẹ̀, mo sì dúpẹ́ pé ó jẹ́ kí wọ́n béèrè Ọya lọ́wọ́ màmá. Àmọ́ Orïsha pẹ̀lú ẹ̀kán méjì lórí i yẹn, ẹ bá mi bẹ ẹni tó bá mọ̀ ọ́n. Bahia, ní Brazil, ló ti lọ kọ́ nípa òrìṣà, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀, ibẹ̀ náà ilé ni.

Tísà_Fẹ̀yìntì

Ẹ ṣeun. Bí a bá ń sọ ti ibi tí Yorùbá fi kàn án ní tòótọ́, ẹ jẹ́ kí n dárúkọ ìwé kan tí kì í ṣe àròsọ. Zora Neale Hurston, ẹni tó kọ Their Eyes Were Watching God, bá bàbá arúgbó kan sọ̀rọ̀ ní ẹ̀bá Mobile, Alabama, ní 1927 àti 1928. Wọ́n ń pè é ní Cudjo Lewis. Kossola lorúkọ rẹ̀, ọmọ Yorùbá láti agbègbè Bantè tó wà ní Benin òní. Ó wà lára àwọn tí ọkọ̀ ojú omi Clotilda kó dé ní 1860, ó sì ti lé ní àádọ́ta ọdún tí òfin Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n má kó ẹrú wọlé mọ́. 2018 ni ìwé náà, Barracoon, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Nínú rẹ̀ ó sọ bí àwọn àgbà ṣe mú òun àti ẹgbẹ́ òun wọ igbó láti fi wọ́n mọ awo. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, kò tíì gbéyàwó, tí ogun Dàhòmì fi kó wọn. Wọn ò jẹ́ kó di géńdé ní ìlú tó ti bẹ̀rẹ̀. Èyí kò gbọdọ̀ wọ iṣẹ́ Adùnní, á gbé e lọ sí ọ̀nà jíjìn. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni.

ÌyáÌbejì_Bódìjà

Ẹ̀yin ará, mo ra ìwé Ultima náà sórí fóònù, mo kà á mọ́jú. Iná ò sí, àyà mi ń já, òwìwí gidi kan tún wá ké lórí igi máńgòrò wa ní aago mẹ́ta. Mo pa fóònù.

Ohun tí mo rí rèé. Ọmọ mi kejì ń múra láti gba Kòmúníọ̀nù àkọ́kọ́, mo wá ń wo ti Antonio dáadáa. Ọmọ náà ti dúró dè é látọjọ́ pípẹ́. Ó rò pé bí òun bá ti gba ara Olúwa, Ọlọ́run á dá òun lóhùn: kí ló dé tí wọ́n fi pa Lupito, sójà tí ogun dà lórí rú, kí ló dé tí wọ́n fi pa Narciso, ọ̀rẹ́ ìdílé wọn. Ọjọ́ Àjíǹde pé, ó gbà á, ó ń pe Ọlọ́run nínú ọkàn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sún síwájú, ìsìn parí.

Ẹ wá wo ti Lucas, àbúrò ìyá rẹ̀, tí àwọn ọmọbìnrin Tenorio, ọ̀tá Ultima, sa sí. Dókítà tì, àlùfáà tì. Ultima mú Antonio dání, kò sọ ohun tó fẹ́ fi í ṣe fún un. Ọmọ náà dùbúlẹ̀, àìsàn ẹni yẹn ń gba ara rẹ̀ kọjá, títí Lucas fi bì, tí ìdì irun kan jáde. Ẹnikẹ́ni ò fún un ní aṣọ funfun, wọn ò pè é ní ayẹyẹ. Èmi ò kàwé bíi tiyín, ṣùgbọ́n lójú tèmi, èyí tí wọ́n pè ní àjọ̀dún ìbàlágà rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan fún un, èyí tí wọn ò dárúkọ ló sọ ọ́ di àgbà. Ṣé mo gbà á?

Tísà_Fẹ̀yìntì

Ìyá Ìbejì, ẹ gbà á. Adùnní, orí kejì iṣẹ́ rẹ nìyẹn. Dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Adùnní_Ọ̀jọ̀ọ́

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ẹ má rò ó pé obìnrin ni mí. Mo ti ya méjìdínlógún yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo tọ ipasẹ̀ òwìwí, mo fi ọjọ́ Kòmúníọ̀nù àti ọjọ́ Lucas sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹ bá mi wo bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀:

"Òwìwí inú ìwé yìí jẹ́ àmì pàtàkì kan tó ń ṣàpẹẹrẹ àṣà. Ní ìlú Guadalupe, wọ́n gbà pé àjẹ́ ni òwìwí, ṣùgbọ́n Antonio ń fi igbe rẹ̀ sùn. Nígbà tí Tenorio yìnbọn pa á, Ultima kú, ó sì ní kí Antonio lọ sin ín sábẹ́ igi. Ọmọ tí wọ́n fi ibi rẹ̀ jà ni ó wá di ẹni tó ń sin nǹkan."

Àkàngbé_Albuquerque

Pa gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ́. Kò sọ nǹkan kan. Ìkẹyìn yẹn, ọlọ́run mi, gbé e wá síwájú. Ultima ló sin ibi ọmọ náà ní orí kìíní, ọmọ náà ló sin òwìwí Ultima níparí. Sọ igi náà pẹ̀lú: júnípà ni. Wọ́n pọ̀ níbí, wọ́n kúrú, wọ́n rí bí ẹni tó káwọ́ gbera.

Àbẹ̀kẹ́_Brooklyn

Kí o sì yọ "ṣàpẹẹrẹ" kúrò níbi gbogbo. Bí o bá ti kọ ọ́, òwìwí ti kú kí Tenorio tó yìnbọn.

Adùnní_Ọ̀jọ̀ọ́ (ọjọ́ kọkànlá)

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gba ìwé padà láàárọ̀ yìí. Bírò pupa ò ju ibi mẹ́ta lọ. Méjì, àṣìṣe sípẹ́lì ni. Ẹ̀kẹta wà níbi tí mo ti kọ ọ́ pé wọ́n dán Ultima wò, wọ́n sì rí i pé kì í ṣe àjẹ́. Ẹ rántí, alẹ́ tí Tenorio kó èrò wá: Narciso gún abẹ́rẹ́ méjì mọ́ òkè ilẹ̀kùn bí àgbélébùú, wọ́n ní àjẹ́ ò lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ultima jáde, ó kọjá, èrò túká. Mo ní ó tán. Ọ̀gá wá kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "Ka ìyókù ojú ìwé náà. Abẹ́rẹ́ dà?"

Mo padà lọ kà á. Ilẹ̀ ni Antonio ti rí wọn. Ta ló yọ wọ́n?

Tísà_Fẹ̀yìntì

Antonio ní òun ò ní mọ̀ láé bóyá ẹnì kan ló yọ wọ́n tàbí wọ́n jábọ́ fúnra wọn. Ó sì nífẹ̀ẹ́ ìyá náà bẹ́ẹ̀. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, má ràn án lọ́wọ́.

Ṣàngbà_Fọ́

Ẹ dúró o. Abẹ́rẹ́ jábọ́?

ÌyáÌbejì_Bódìjà

Ṣàngbà, lọ sùn.